Ohun tí ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Àtúnṣe Ère Shaw ní Boston àti Ọ̀rọ̀ Orúkọ nínú Ère Ìrántí Ogun

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn ènìyàn péjọ sí etí pápá Boston Common, ní ìlú Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti tún ère idẹ kan yà sọ́tọ̀. Ère náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1897. Augustus Saint-Gaudens ni ó ṣe é ní ìrántí Ọ̀gágun Robert Gould Shaw àti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ jà fún ìjọba àpapọ̀ nígbà Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà. Àtúnṣe náà gba nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Ní ọdún 2020 ni wọ́n gbé idẹ náà kúrò lójú òpó rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n dá a padà.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn rọrùn láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: nígbà tí a bá sọ pé a tún ère ìrántí ogun ṣe, kí ni a tún ṣe gan-an? Ṣé idẹ ni, ṣé ìpìlẹ̀ ni, àbí ìrántí fúnra rẹ̀? Èrò wa ni pé àtúnṣe tí ó tóbi jù lọ tí a tíì ṣe sí ère yìí kò sí lára idẹ, kò sì wáyé ní ọdún 2020. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó wà, níbi tí a gbẹ́ orúkọ sí lára òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. A ó fi èrò Yorùbá nípa àwòrán, oríkì àti àkó wọn ère náà. Kì í ṣe pé a fẹ́ sọ ère Amẹ́ríkà di ère Yorùbá. Ohun tí a rí ni pé èrò wọ̀nyí ń la ojú ẹni sí ohun kan tí ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ tí ó dúró síwájú ère náà máa ń gbójú fò.

Ère náà àti ogun tí ó bí i

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1863, ẹgbẹ́ ọmọ ogun yìí yan kọjá ní òpópónà Beacon, níwájú ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí South Carolina. Ìrìn ọjọ́ náà ni ère yìí fi hàn, ibi tí wọ́n ti rìn ín gan-an ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí. Shaw, ọmọ ọdún 25, jókòó lórí ẹṣin, ó na ẹ̀yìn ṣánṣán, idà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun dúdú ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin, ìbọn lé èjìká; àwọn onílù ni ó ṣíwájú. Obìnrin kan tí ó dà bí áńgẹ́lì ń fò lókè orí wọn. Àwọn ọmọ ogun náà kò dá dúró bí ère tí a lè yí ká. Ara pẹpẹ idẹ ni wọ́n ti yọ síta. Shaw àti ẹṣin rẹ̀ yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n dá dúró.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n kọlu odi Wagner ní erékùṣù Morris, nítòsí Charleston. Shaw kú lórí odi náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn ọ̀tá sin ọ̀gágun náà pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nínú kòtò kan ṣoṣo. Ní ìwòye tiwọn, àbùkù ni èyí jẹ́ fún òyìnbó tí ó kó ènìyàn dúdú jọ láti jagun. Bàbá Shaw kọ̀ kí ẹnikẹ́ni wú òkú ọmọ òun. Ó ní kò sí ibojì tí ó ní ọlá ju èyí tí ọmọ òun wà lọ.

Ohun kan tún wà tí ère kò lè fi hàn ṣùgbọ́n tí òǹwòran gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun yìí jọ, dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, iye kan náà tí àwọn ọmọ ogun funfun ń gbà. Ohun tí ìjọba wá gbé kalẹ̀ ni dọ́là 10, wọ́n sì tún fẹ́ yọ dọ́là 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ogun kọ̀ ọ́. Ìjọba Massachusetts ní òun yóò fi èyí tí ó kù kún un. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Wọ́n jà, wọ́n kú, wọn kò gba owó oṣù, títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ fi ṣe òfin ìdọ́gba owó ní oṣù Kẹfà ọdún 1864. Àwọn tí a ń wò lára idẹ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn ẹlẹ́ṣin lásán. Wọ́n mọ iye ara wọn, wọ́n sì fi ebi ìdílé wọn san owó ìmọ̀ náà.

Àwòrán, àkó àti oríkì

Babátúndé Lawal ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 2001 pé a lè tú ọ̀rọ̀ náà àwòrán sí à-wò-rántí: ohun tí a ń wò kí a lè rántí. Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí wọlé, iṣẹ́ àwòrán kò parí sí ojú. Wíwò ni ìbẹ̀rẹ̀, rírántí ni òpin. Àwòrán tí a wò tí kò jẹ́ kí a rántí ẹni tí ó yẹ kí a rántí kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó.

Rowland Abíọ́dún ní tirẹ̀ tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014 pé a kò lè lóye iṣẹ́ ọnà Yorùbá bí a bá yọ èdè kúrò nínú rẹ̀, oríkì pàápàá jù lọ. Karin Barber, ẹni tí ó gbé láàárín àwọn ará Òkukù, fi hàn ní ọdún 1991 bí oríkì ṣe ń mú àwọn tí ó ti lọ wá sí àárín àwọn tí ó wà láàyè. Kókó tí a mú nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ni pé ojú àti ohùn jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ère ń fún òkú ní ara. Oríkì ni ó ń pè é kí ó wá wọ ara náà.

Àkó ìlú Ọ̀wọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Lẹ́yìn ìsìnkú àkọ́kọ́, àwọn ọmọ olóògbé tí ó jẹ́ ẹni ńlá lè ní kí a gbẹ́ ère tí ó jọ òbí wọn, kí a wọ̀ ọ́ láṣọ, kí a gbé e káàkiri ìlú, kí a sì sin ín. Nínú àkó, jíjọ jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n jíjọ yìí ní ẹlẹ́rìí: àwọn ọmọ mọ ẹni tí a gbẹ́, ará ìlú mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ère náà ṣe ń kọjá. Ojú àti orúkọ kò yà. Òdiwọ̀n yìí ni a ó gbé lọ sí Boston.

Ẹlẹ́ṣin àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀

Àríwísí tí ó wọ́pọ̀ jù nípa ère Shaw ni pé òyìnbó kan ṣoṣo ni ó gun ẹṣin, tí àwọn ènìyàn dúdú ń fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ère Yorùbá kò ní í yára dá ẹjọ́ lórí ìyẹn nìkan. Nínú àwọn ère Epa ní ilẹ̀ Èkìtì, jagunjagun lórí ẹṣin ni ó máa ń ga jù lọ, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á sì kéré yí i ká. Kò sí ẹni tí ó ka kíkéré wọn sí ẹ̀gàn, nítorí gbẹ́nàgbẹ́nà ń sọ fún wa pé ènìyàn ni ó ń gbé olórí ga. Lára ìlẹ̀kùn ààfin Ìkéré tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́, Ọ̀gògà jókòó lórí ìtẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ń bọ̀ wá kí i, àwọn aláàárù gbé e sí èjìká. Ipò ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń fi ìtóbi àti ìjókòó sọ.

Nítorí náà, ipò ẹlẹ́ṣin nínú ère Boston kò tó láti dá a lẹ́bi. Ọ̀gágun ni Shaw. Ẹṣin ni ọ̀gágun ń gùn. Ó sì yẹ kí a rántí pé Saint-Gaudens kọ́kọ́ fẹ́ ṣe Shaw nìkan lórí ẹṣin. Ìdílé Shaw ni ó kọ̀. Wọ́n ní irú ère bẹ́ẹ̀ kò yẹ ọmọ àwọn, ẹni tí ó kú láàárín àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Kíkọ̀ yìí ni ó mú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wọ inú ère. A óò padà sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ó fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ohùn àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ọnà ti wà nínú iṣẹ́ náà.

Ibi tí ère Saint-Gaudens ti yàtọ̀ sí Epa ni ojú àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ní Èkìtì, ojú àwọn ọmọ ẹ̀yìn máa ń jọra. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní Boston, kò sí ojú méjì tí ó jọra. Àgbà onírùngbọ̀n wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì hu irùngbọ̀n wà níbẹ̀. Ní sáà tí àwọn ayàwòrán Amẹ́ríkà fi ènìyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìwé ìròyìn, ẹni kan fara balẹ̀ mọ orí bí ogójì ní amọ̀ kí ó tó yan èyí tí yóò lò. Nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ náà gbà á. Ọlá kan ni èyí, a kò sì gbọ́dọ̀ fi bò.

Ojú tí kò ní orúkọ

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni àwọn ojú náà? Ibí ni òdiwọ̀n àkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún ère náà mọ́ra. Àwọn tí Saint-Gaudens wò kì í ṣe ọmọ ogun tí ó lọ sí Wagner. Àwọn ọkùnrin dúdú tí ó rí ní New York, tí ó fún lówó kí wọ́n jókòó fún òun, ni. Nínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa wọn lọ́nà ẹ̀fẹ̀ tí kò buyì kún wọn. Ọwọ́ tí ó mọ amọ̀ bọ̀wọ̀ fún wọn ju ẹnu tí ó sọ ìtàn wọn lọ.

Ohun tí a rí ni pé ọ̀gágun nìkan ni ó gba àkó nínú ère yìí. Ojú Shaw ni ojú Shaw. A mọ̀ ọ́n, a sì kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn yòókù ní ojú tí ó dá yàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú àlejò ni, tí a wọ̀ ní aṣọ àwọn òkú. Ní ọdún 1897 tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère náà, orúkọ àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun tí ó kú ni a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ ọmọ ogun dúdú kankan kò sí níbẹ̀. Ó ya ni lẹ́nu, nítorí kì í ṣe pé orúkọ wọn sọnù. Ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ ogun náà wà. Lewis Douglass, ọmọ Frederick Douglass, ti jẹ́ sájẹ́ńtì àgbà nínú ẹgbẹ́ náà. William Carney, ẹni tí wọ́n bí sínú ẹrú ní Norfolk ní Virginia, tí ó gbé àsíá kúrò ní Wagner pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn lára, wà láàyè. Ó wà níbi ayẹyẹ ọdún 1897 fúnra rẹ̀, nígbà tí Booker T. Washington ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ayẹyẹ náà, ní 1900, ni ìjọba tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ Medal of Honor fún ohun tí ó ṣe ní 1863.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Nínú ẹgbẹ́ ogun Karùndínlọ́gọ́ta ti Massachusetts, tí ó jẹ́ àbúrò ẹgbẹ́ yìí, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Nicholas Said, ọmọ bíbí ilẹ̀ Borno, ẹni tí ogun àti òwò ẹrú gbé kọjá aṣálẹ̀ kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Ó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1873. Ẹni tí ó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ojú lásán lára pẹpẹ idẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí ń yan lọ ní òpópónà Beacon ní irú ìtàn tirẹ̀, yálà ó kọ ọ́ tàbí kò kọ ọ́.

Bí a bá wá fi à-wò-rántí wọn ère náà bí ó ti wà ní 1897, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. A wo ogún ènìyàn ó lé, a rántí ẹnì kan.

Ohun tí àwọn alátùn-únṣe ṣe

Àtúnṣe ọdún 2020 kò bẹ̀rẹ̀ nítorí idẹ. Idẹ le. Ohun tí ó ń bàjẹ́ ni ohun tí ojú kò rí: omi ti ń wọ inú bíríkì tí ó di ère náà mú lẹ́yìn òkúta. Ìjọba ìlú Boston, National Park Service, ẹgbẹ́ Friends of the Public Garden àti Museum of African American History ni ó pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé idẹ lọ sí ilé iṣẹ́ kan ní ìlú Woburn, wọ́n sì tú òkúta palẹ̀ láti fi kọnkéré ṣe ìpìlẹ̀ tuntun. Wọ́n tún ojú idẹ ṣe, wọ́n tún idà Shaw ṣe, nítorí àwọn ènìyàn ti ṣẹ́ ẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà sí ojú kan náà, wọ́n sì jẹ́ kí ó kọjú síbi tí ó ti kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun tí ó yẹ fún ìyìn jù ni ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wọn. Alátùn-únṣe tí kò mọ̀wọ̀n lè dán idẹ títí yóò fi máa kọ mọ̀nà bí ẹni pé àná ni wọ́n rọ ọ́. Àwọ̀ tí ọjọ́ pípẹ́ fún idẹ jẹ́ apá kan ìtàn rẹ̀, bí ewú ti jẹ́ apá kan ojú àgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn kò fọwọ́ kan ìgbékalẹ̀ ère náà láti fi tẹ́ àwọn aláríwísí lọ́rùn. Wọn kò sọ ẹṣin kalẹ̀, wọn kò gbé ẹlẹ́sẹ̀ kankan ga. A fara mọ́ èyí. Àṣìṣe ọdún 1897 pàápàá jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀rí rẹ́ kò tún nǹkan ṣe.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2020, nígbà ìwọ́de lórí ikú George Floyd, àwọn kan kọ ìkọkúkọ sí ẹ̀yìn ère náà. Iwájú rẹ̀ wà lábẹ́ pákó nítorí iṣẹ́ àtúnṣe. Àwọn ènìyàn sọ pé ó burú pé wọ́n ba ère àwọn ọmọ ogun dúdú jẹ́ níbi ìwọ́de tí wọ́n ń ṣe nítorí ẹni dúdú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ère náà ti sọ fún wọn kí ó tó di òru yẹn? Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, orúkọ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ni Ère Shaw. Ẹni tí ó ń kọjá lọ ní òpópónà rí òyìnbó lórí ẹṣin. Bí ère kò bá sọ ẹni tí ó jẹ́ ketekete, a kò lè fi gbogbo ẹ̀bi ru ẹni tí kò dá a mọ̀.

Ẹ̀yìn ère

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, lẹ́yìn ọgọ́rin ọdún ó lé tí ère náà ti wà níta, wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ogun dúdú tí ó kú, tí ó lé ní ọgọ́ta, sí òkúta ẹ̀yìn rẹ̀. A kò yí ohunkóhun padà lára idẹ. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà ni ère yìí ti di ère mìíràn. Ìgbà náà ni oríkì wọlé. Àwọn òkú tí ó ti wà láìní orúkọ ní ẹ̀yìn ara wọn wá ní ohun tí ọmọ ọmọ wọn lè fi ìka tọ́.

Àtakò méjì ni a lè gbé dìde sí ohun tí a sọ yìí. Èkíní ni pé fífi orúkọ kún iṣẹ́ tí oníṣẹ́ ọnà ti parí jẹ́ fífọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwa. A kò gbà. A ti rí i pé ìdílé Shaw ti yí ère náà padà kí wọ́n tó rọ ọ́. Bákan náà, Saint-Gaudens fúnra rẹ̀ kò gbà pé iṣẹ́ ti parí ní 1897. Ó ń bá àtúnṣe lọ lórí ẹ̀dà tí ó fi pilásítà ṣe, èyí tí ó wà ní National Gallery of Art ní Washington láti ọdún 1997. Ère tí ẹni tí ó ṣe é pàápàá ń yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí i kò lè jẹ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi orúkọ kún.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní: bí orúkọ bá ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi wà lẹ́yìn? Ṣé kì í ṣe ipò kejì náà ni a tún fi àwọn ọmọ ogun dúdú sí? Òǹkọ̀wé yìí gba ìbéèrè náà gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ni a ń wí. Ohun tí a bá fi sí ẹ̀yìn dà bí ohun tí a kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ibi tí ère náà dúró sí, ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Iwájú rẹ̀ kọjú sí ilé ìjọba. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọjú sí pápá, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń rìn, tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Idẹ ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Orúkọ ń bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Ìbá dára kí iwájú ní orúkọ. Síbẹ̀, ẹ̀yìn tí ó wà fún ẹnikẹ́ni láti tọ̀ kì í ṣe ibi ìfipamọ́.

Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ohùn. Orúkọ tí a gbẹ́ sí òkúta ni a ń kà lójú. Oríkì ni a ń pè lẹ́nu. Òkúta kò lè pe ara rẹ̀. Bí a bá tún ère yà sọ́tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ní ìran kan, tí àwọn olókìkí sọ̀rọ̀, tí olúkúlùkù sì lọ sílé, ó di dandan kí ìrántí tún máa jò láti inú bí omi ti ń wọ bíríkì. Ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ère ìrántí nílò jù ni àṣà pípe orúkọ àwọn òkú lọ́dọọdún, ní ibi tí ará ìlú ti lè gbọ́.

Ó yẹ kí a yin ohun kan kún un. Orúkọ tí àwọn tí ó ń bójú tó ère náà ń pè é nísinsìnyí darapọ̀ mọ́ Shaw àti Ẹgbẹ́ Ogun Kẹrìnléláàádọ́ta. Àwọn kan lè ka èyí sí ọ̀rọ̀ kékeré. Orúkọ ń ro ọmọ. Kò sì kéré nínú ère.

Àgbálọgbábọ̀

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ère Boston fi kan akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá kọjá pé Amẹ́ríkà ní àwọn ènìyàn dúdú. Àwa náà ní tiwa. Ère sójà àti aláàárù tí ó wà ní Idúmọ̀tà ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Sójà Idúmọ̀tà, jẹ́ ìrántí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí ogun àgbáyé kìn-ín-ní. A ti gbé e kúrò níbẹ̀. Orúkọ tí ó dúró sí ẹnu ará Èkó ni ti iṣẹ́ kan àti ti ọjà kan. Kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Aláàárù tí ó bá sójà dúró kò tilẹ̀ wọ inú orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ni ẹrù ogun wà.

Ìdánwò tí a dábàá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ àtúnṣe ère ìrántí, ní Boston tàbí ní Èkó, kò pọ̀. Kí ó kọ́kọ́ yí ère náà ká, kí ó má dúró síwájú nìkan. Kí ó bi ara rẹ̀ pé ojú ta ni a gbẹ́, orúkọ ta ni a kọ, ibo ni méjèèjì ti pàdé, ibo ni wọ́n ti yà. Kí ó wá bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe àtúnṣe náà pé ta ni yóò máa pe orúkọ wọ̀nyí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó àkàbà kúrò. Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni yóò sọ bóyá ère ni wọ́n tún ṣe tàbí idẹ lásán.

Ní Boston, ìdáhùn náà ṣì kù sí ọwọ́ ará ìlú. Idà ọ̀gágun ti padà sí ọwọ́ rẹ̀, omi kò wọ inú bíríkì mọ́, àwọn onílù ṣì wà níwájú. Ẹni tí ó bá rin ìgbẹ́sẹ̀ díẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn yóò bá orúkọ tí ó lé ní ọgọ́ta níbẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti ka gbogbo wọn sókè.